Ẹ̀rọ ìránṣọ wà nílé, owó ò wọlé: ìdáhùn sí olùdarí NGO kan n'Íbàdàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. Ìbàdàn ni mo wà, mo sì ń darí NGO kékeré kan. Àwọn obìnrin tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn la ń ràn lọ́wọ́: àwọn tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọmọ, àwọn opó, àwọn tí ọkọ lé jáde. Oṣù mẹ́ta la fi ń kọ́ wọn ní aránṣọ, ọṣẹ ṣíṣe àti oúnjẹ sísè, a sì máa ń fún wọn ní ẹ̀rọ tàbí ohun èlò lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde. Láìpẹ́ yìí ni mo lọ bẹ ogún nínú wọn wò. Mẹ́ta péré ló ń fi iṣẹ́ náà jẹun. Àwọn kan ti ta ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ mẹ́rìnlá ṣì wà ní stóò wa. Ẹni tó ń fún wa lówó ní ká yéé pín ẹ̀rọ, ká bẹ̀rẹ̀ sí í yá wọn lówó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni kí n ṣe, Mà?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ má tíì yá ẹnikẹ́ni lówó. Obìnrin tó kọ́ aránṣọ tí kò rí aṣọ rán, tí ẹ bá tún di gbèsè rù ú, ẹ ti sọ ìṣòro kan di méjì nìyẹn. Lẹ́tà yín sọ iye oṣù tí ẹ fi ń kọ́ wọn, ó sọ ohun tí ẹ ń pín, kò sọ ẹni tó máa sanwó fún wọn. Ẹni tó máa sanwó yẹn ni mo wá títí nínú lẹ́tà náà, n kò rí i. Mo rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti wọ́.

Ẹ rìn láti Bẹẹrẹ dé Ọjà-Ọba, kí ẹ máa ka ṣọ́ọ̀bù télọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀gá wà níbẹ̀, ọmọṣẹ́ wà níbẹ̀, àwọn oníbàárà tó ti ń rán aṣọ ọdún lọ́dọ̀ wọn tipẹ́tipẹ́ náà wà níbẹ̀. Ọmọṣẹ́ ń lo bí ọdún méjì tàbí mẹ́ta kó tó ṣe fírídọ̀mù. Ẹni tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ ọ kò lè bá wọn du búláòsì àti gáùn ìgbéyàwó. Tó bá ba léèsì oníléèsì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, oníbàárà yẹn ò ní padà, á sì ròyìn rẹ̀ fún gbogbo àdúgbò.

Ibi tí wọ́n ti lè rọ́wọ́ mú ni yunifọ́ọ̀mù. Ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ kan, ṣòkòtò péńpé, pinafọ́ọ̀, sáìsì márùn-ún tàbí mẹ́fà: ẹni tó kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́ta lè rán ìyẹn kó sì gún, tí ẹnìkan tó mọ gígé dáadáa bá ti gé e sílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n obìnrin kan ṣoṣo tó ní ẹ̀rọ kan kò lè wọ ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé aládàáni kó ní òun fẹ́ rán ọgọ́rùn-ún mẹ́ta yunifọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin lẹ lè wọ̀ ọ́. Oṣù Kẹsàn-án ni sáà ìwé ń bẹ̀rẹ̀. Kí oṣù Kẹfà tó parí, ẹ gbọ́dọ̀ ti jókòó níwájú àwọn ọ̀gá ilé ìwé bíi mẹ́wàá pẹ̀lú yunifọ́ọ̀mù kan tí ẹ rán fún àpẹẹrẹ lọ́wọ́. Ẹgbẹ́ yín ló máa bọwọ́ lùwé àdéhùn, ẹgbẹ́ yín ló máa gba àsansílẹ̀, tó máa lọ ra aṣọ ní Gbági, tó máa yẹ ojú rírán wò kó tó jáde. Iṣẹ́ olùdarí nìyẹn, ó sì le ju ká ya fọ́tò lọ́jọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde lọ.

Nítorí náà, ẹ má pín ẹ̀rọ mẹ́rìnlá yẹn. Ẹ kó wọn sínú yàrá ńlá kan, kí iná sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, kí àwọn obìnrin máa wá síbẹ̀ rán aṣọ. Mo ti rí ohun tí ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lọ sílé máa ń dà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á fi aṣọ bò ó, wọ́n á to kúlà omi àti ìwé àwọn ọmọ lé e lórí. Ẹ̀rọ oníná ni, iná ò sì sí lọ́sàn-án. Nígbà tí iná bá fi máa dé lóru, àwọn ọmọ ti sùn nínú yàrá kan ṣoṣo tí wọ́n ní, ta ló fẹ́ máa fi ariwo ẹ̀rọ jí wọn? Tí owó ilé ìwé bá wá dé, ẹ̀rọ yẹn ni nǹkan tó ṣeé tà jù nínú ilé. Ẹ má bínú sí àwọn tó tà á. Èmi náà ì bá tà á.

Aránṣọ kọ́ ló yẹ gbogbo wọn, kí n tètè sọ ọ́. Opó tó ti ń ta èlùbọ́ láti ogún ọdún sẹ́yìn, tó mọ ẹni tó ń kó o wá láti Ṣakí, tó mọ ìgbà tó ń wọ́n àti ìgbà tó ń pọ̀, kí lẹ fẹ́ fi ọṣẹ ṣíṣe kọ́ ọ? Owó tó fi ń ṣòwò ló bá àìsàn ọkọ rẹ̀ lọ. Owó ìdókòwò ló nílò, kí ẹ sì fún un lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ̀lú kí ẹ bá a rí ìyálọ́jà kí wọ́n má baà ti gba ìsọ̀ rẹ̀ fún ẹlòmíì. Ẹ lọ wò ó dáadáa, ó ṣeé ṣe kí nọ́ọ̀sì wà nínú àwọn tí ẹ kọ́ ní oúnjẹ sísè. Láísẹ́ǹsì nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún un ṣe, wọ́n sì ń béèrè ẹ̀rí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹni tó fi ọdún mẹ́fà tọ́mọ, láísẹ́ǹsì rẹ̀ ti kú. Ẹ san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ti láísẹ́ǹsì fún un, ẹ bá a wá ilé ìwòsàn tó máa gbà á tọwọ́tẹsẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kọ́wọ́ rẹ̀ lè padà sípò, ẹ ti parí tirẹ̀. Tíṣà náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni kí ẹ kọ́kọ́ bi í, bóyá ó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Kí ẹ tó mọ èyí, ẹ gbọ́dọ̀ jókòó ti obìnrin kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù ò lè ṣe é. Fọ́ọ̀mù á bi í bóyá ó lọ́kọ, iye ọmọ tó ní, ìwé tó kà. Ẹ̀yin, ẹ bi í pé kí ló ń ṣe kí iṣẹ́ tó dúró, ta ló ń san án lówó nígbà náà, kí ló dá a dúró gan-an. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kó ka àná fún yín láti ìgbà tó jí. Á ní aago márùn-ún lòun jí, òun ponmi, òun dáná. Aago méje ààbọ̀, òun mú àwọn ọmọ lọ síléèwé. Aago kan, òun lọ mú èyí tó wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Aago méjì ààbọ̀, òun lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ìyá ọkọ tó rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀ fẹ́ wẹ̀. Ẹ ti rí i báyìí: láti aago mẹ́jọ sí aago kan nìkan ni ara rẹ̀ wà nílẹ̀. Iṣẹ́ aago mẹ́jọ sí aago márùn-ún tí ẹ bá a wá, kò lè lo oṣù kan níbẹ̀, ọ̀gá ibẹ̀ á sì sọ pé àwọn obìnrin yín kì í dúró síṣẹ́.

Ìdí nìyí tí yàrá aránṣọ yẹn fi gbọ́dọ̀ ní yàrá kejì tí ọmọ máa wà. Ní Íńdíà, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Mobile Creches bẹ̀rẹ̀ ní Delhi lọ́dún 1969 nítorí àwọn ìyá tó ń ru yẹ̀pẹ̀ àti bíríkì níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Inú eruku lọmọ wọn ń sùn tí wọ́n bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Àárín ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé gan-an ni ẹgbẹ́ yìí ṣí ibi ìtọ́jú ọmọ sí. Lọ́dọ̀ yín, ìyá àgbà méjì tí ara wọn ṣì le ní àdúgbò náà tó, tí ẹ bá fi omi, ẹní àti ẹni tó mọ ìtọ́jú ọmọ díẹ̀ kún un. Kí ẹ sì sanwó fún àwọn ìyá náà. Ẹ má fi "ìyá wa ni wọ́n" gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Àwọn tó fẹ́ iṣẹ́ oṣù náà wà. Ẹ̀yin olùdarí gbọ́dọ̀ mọ òfin tó dáàbò bò wọ́n, nítorí pé àìmọ òfin yẹn gan-an ló mú kí àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà fún aboyún ní ọ̀sẹ̀ méjìlá ìsinmi, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ, mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀; bó bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ó kéré tán ìdajì owó oṣù rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa wọlé; tó bá sì padà, ìdajì wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni tirẹ̀ láti fọ́mọ lọ́mú. Ọ̀gá kò sì lè kọ ìwé ìdádúró sí i nígbà tó wà nínú ìsinmi ọ̀hún. Owó oṣù tó kéré jù di 70,000 náírà lọ́dún 2024, ṣùgbọ́n òfin owó oṣù yẹn yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé ìwé kéékèèké fara pamọ́ sí. Tí ẹ bá fẹ́ fi obìnrin sí irú ilé ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bá wọn ná owó oṣù. Ẹ yọ owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ ọ̀sán kúrò nínú ohun tí wọ́n fẹ́ san. Tí èyí tó kù kò bá tó ra garawa gààrí, ẹ má fi obìnrin kankan síbẹ̀.

Wàyí o, owó tó bá wọlé, ọwọ́ ta ló ń bọ́ sí? Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í béèrè. Mo bá obìnrin kan ṣírò rí. Ó mọ iye aṣọ tó rán, ó mọ iye tí wọ́n san, kò mọ iye tó wà ní báńkì. Nọ́ńbà ọkọ ló wà lórí àkáǹtì. Alẹ́ẹ̀tì ń dún nínú àpò ọkọ, inú àpò yẹn náà ni káàdì ATM wà. Kò síjà nínú ilé náà o. Ọkọ ló bá a lọ ṣí àkáǹtì, ọkọ ló ní fóònù lọ́jọ́ náà, bó ṣe di àṣà nìyẹn. Owó tó tó oṣù márùn-ún ti gba ibẹ̀ kọjá, kò sí ìgbà kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ gba kọ́bọ̀ níbẹ̀ láìtọrọ.

Kí owó àkọ́kọ́ tó jáde lọ́wọ́ yín, ẹ rí i pé ó ní NIN, ó ní síìmù tó forúkọ ara rẹ̀ gbà, ó ní BVN, ó sì ti fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ. Ẹ bá a lọ síbẹ̀. Ẹ má ṣe béèrè ìbuwọ́lù ọkọ lórí ohunkóhun. Àwọn olówó kan tó ń fún NGO lówó máa ń fẹ́ ẹ, ẹ kọ̀ ọ́. Síbẹ̀ n kò sí lẹ́yìn àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ọkọ pátápátá, nítorí pé ọjọ́ tó bá gbọ́ lẹ́nu ará ìta, orí obìnrin ló máa dà lé. Ẹ pe àwọn ọkọ tó ṣeé pè, ẹ fi yàrá iṣẹ́ hàn wọ́n, ẹ sọ fún wọn pé owó aya tó wọlé yìí, aya ló ni ín. Àjèjì kọ́ lọ̀rọ̀ yẹn létí Yorùbá. Ìyá wọn ní ìsọ̀ tirẹ̀, ó ní àpò tirẹ̀, bàbá wọn kì í sì í ka owó inú rẹ̀. Fún ibi tí ó bá ti le, òfin VAPP ti ọdún 2015, tó lòdì sí híhu ìwà ipá sí èèyàn, ka fífi owó dúnkokò mọ́ni, tí ẹnìkan ń sọ ẹlòmíì di ẹni tí kò lè dá ná kọ́bọ̀, mọ́ ìwà ọ̀daràn. Àbújá ni òfin náà ti kọ́kọ́ múlẹ̀, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀, nítorí náà ẹ wá agbẹjọ́rò kan tó máa tọ́ yín sọ́nà nípa ti Ọ̀yọ́. Kí ẹ sì mọ ibi tí obìnrin lè sùn lálẹ́ ọjọ́ kan kí ẹ tó sọ fún un pé kó lọ gba káàdì rẹ̀ padà.

Ìlú Ahmedabad ní Íńdíà ni àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù lórí ọ̀rọ̀ owó yìí wà. Ela Bhatt, agbẹjọ́rò tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ aláṣọ híhun, dá SEWA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń dá iṣẹ́ ara wọn ṣe, sílẹ̀ lọ́dún 1972 fún àwọn obìnrin tó ń rẹrù lórí, tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tó ń ránṣọ nínú ilé. Ìjọba kọ́kọ́ kọ̀ láti forúkọ wọn sílẹ̀ bí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́: wọ́n ní òṣìṣẹ́ wo ló wà tí kò ní ọ̀gá? Nígbà tó fi máa di 1974, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin obìnrin ti dá rúpì mẹ́wàá mẹ́wàá jọ láti fi dá báńkì tiwọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀wé. Kí báńkì lè máa dá wọn mọ̀ lórí ìwé, wọ́n ya fọ́tò obìnrin kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú síléètì tí wọ́n kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rọrùn tó: ojú rẹ̀ ni ìbuwọ́lù rẹ̀, kò sí ẹni tó lè fi ojú yẹn gbowó fún un.

Kí ẹ tó ní Íńdíà jìnnà, Ìpínlẹ̀ Ondo ò jìnnà. Ibẹ̀ ni Olóyè Bísí Ògúnlẹ́yẹ ti dá COWAN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ìgbèríko Nàìjíríà, sílẹ̀ lọ́dún 1982, orí àjọ àti èsúsú tí àwọn obìnrin abúlé ti ń dá láàárín ara wọn ló sì kọ́ ètò owó rẹ̀ lé. Ní Maradi, ní orílẹ̀-èdè Níjẹ̀, ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ àgbáyé kan tó ń jẹ́ CARE mú irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ síwájú lọ́dún 1991: àwọn obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àpótí onírin kan, àgádágodo mẹ́ta, kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ obìnrin mẹ́ta, àpótí náà lọ́wọ́ ẹnì kẹrin. Wọn kì í ṣí i àfi níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Àárín ara wọn ni wọ́n ti ń yá owó, bó bá tó bí ọdún kan, wọ́n á pín gbogbo rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ ọ̀tun. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ bá àwọn obìnrin yín ṣe, pẹ̀lú àtúnṣe kan fún ilẹ̀ wa: bí náírà ṣe ń yọ́, ẹ má jẹ́ kí owó pẹ́ ọdún kan nínú àpótí. Kí wọ́n pín in ní ìparí oṣù Kẹjọ, kó bọ́ sí owó ilé ìwé, tàbí kí wọ́n fi ra ọjà tó lè dúró.

Ẹ má gba owó náà pa mọ́ fún wọn o. Títọ́jú owó ará ìlú jẹ́ iṣẹ́ tí Báńkì Àpapọ̀ ń fún ní láísẹ́ǹsì, òfin báńkì ọdún 2020 kò sì yọ NGO sílẹ̀. Owó wọn, àpótí wọn, kọ́kọ́rọ́ wọn. Ìwé ìṣirò lẹ kàn máa kọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan tó lè má dùn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń bá yín ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì, tó ń kọ ìjábọ̀, tó ń lọ láti ilé dé ilé, ẹ ń sanwó fún wọn ni, àbí owó ọkọ̀ lẹ ń fún wọn? NGO tó ń pariwo pé kí obìnrin máa gbowó, tó wá ń fi "vọ́lùńtíà" pe obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, kò lè bá ọ̀gá ilé ìwé kankan jiyàn owó oṣù. Ẹ fi owó òṣìṣẹ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀ fún olówó láìtijú. Láàárín ọdún kan sí i, ó yẹ kí ẹni tó ń bójú tó yàrá aránṣọ yẹn jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tó ti ọwọ́ yín kọjá.

Ẹ tún yí ohun tí ẹ ń kà padà. Nọ́ńbà tí ẹ ń fi ránṣẹ́, iye tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde, kò sọ nǹkan kan. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni iye àwọn tí owó wọlé fún lóṣù kẹfà lẹ́yìn tí ẹ ti fi wọ́n sílẹ̀, àti lóṣù kejìlá. Iye tó wọlé. Iye tó kù lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti owó ọmọ. Ọwọ́ ẹni tí káàdì wà. Dress for Success, ẹgbẹ́ tí Nancy Lublin dá sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1997 pẹ̀lú 5,000 dọ́là tó jogún, fífún àwọn obìnrin tó ń wáṣẹ́ ní aṣọ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ló fi bẹ̀rẹ̀. Wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n tún dá ìpàdé sílẹ̀ fún àwọn tó ti ríṣẹ́, kí iṣẹ́ náà má baà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin náà, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni kí ẹ ti máa pè wọ́n jù, torí pé ìgbà yẹn ni ọmọ máa ń ṣàìsàn, tí ọ̀gá máa ń fajú ro, tí obìnrin máa ń rò pé ilé ti sàn jù.

Ó ku olówó yín. Ẹ̀dùn owó yíyá ti dun ọ̀pọ̀ ilé. Ní Andhra Pradesh, ní Íńdíà kan náà, àwọn ilé iṣẹ́ ayánilówó kéékèèké ń sáré fọ́n owó ká débi pé obìnrin kan lè jẹ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn ní gbèsè lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn kan pa ara wọn nítorí gbèsè, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì gbé òfin dìde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010 láti dá àwọn ayánilówó náà lẹ́kun. Ẹ bi àwọn obìnrin ọjà yín ohun tí wọ́n ń pè ní gbọ́mú-lé-láńtà, wọ́n á ṣàlàyé ẹni tó ń wá jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ tí owó ọ̀sẹ̀ bá pẹ́. Ẹni tó ti ní oníbàárà, tó ń tà tó ń jèrè, lè yá owó láti fi kún ọjà, àpótí yẹn sì lè yá a. Ẹni tí kò tíì rí oníbàárà kan, owó yíyá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ẹ kọ̀wé sí olówó náà báyìí. Ẹ sọ pé ẹ ti dá pípín ẹ̀rọ dúró, òun jàre lórí ìyẹn. Ẹ ní kó gbé owó tó fẹ́ kí ẹ yá wọn sí owó iyàrá, sólà, ìtọ́jú ọmọ àti owó aṣọ tí ẹ máa kọ́kọ́ rà ní Gbági. Ṣùgbọ́n kí lẹ́tà náà tó lọ, ẹ ti wọ ilé ìwé mẹ́ta ó kéré tán, kí ẹ lè kọ iye yunifọ́ọ̀mù tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ́, iye tí wọ́n máa san lórí ọ̀kan, àti ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbà á.